Ikùn tó dàrú, itan tó kú: ìbéèrè àwọn tó ń sáré 100 máìlì lórí òkè

Àwa Yorùbá ń pe eré ọ̀nà jíjìn ní eré ẹlẹ́mìí ẹṣin. Ní Amẹ́ríkà, inú ìdíje ẹṣin gan-an ni eré ẹsẹ̀ 100 máìlì ti orí òkè ti jáde: ní 1974, Gordy Ainsleigh fi ẹsẹ̀ bá àwọn ẹlẹ́ṣin kọjá òkè Sierra Nevada ní California, ó sì parí rẹ̀ ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 42. Ibẹ̀ ni eré tí wọ́n ń pè ní Western States ti ṣẹ̀ wá.

Èmi ò ní ẹ̀mí ẹṣin. Mo ń ṣiṣẹ́ ní London, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń sáré tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dán South Downs Way wò, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 160, ìyẹn 100 máìlì, láti Winchester dé Eastbourne ní gúúsù England. Nígbà àkọ́kọ́, abúlé Washington ni mo ti jáwọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìdajì ni. Nígbà kejì, mo dé Eastbourne lẹ́yìn wákàtí 28. Àwọn tó gbọ́ kò yé bi mí léèrè. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lemọ́lemọ́ nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo sá 50 máìlì lóṣù tó kọjá. Títí dé kìlómítà 45, ara mi le koko. Lẹ́yìn ìyẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí, gbogbo jẹ́ẹ̀lì tí mo bá fi sẹ́nu ló ń padà bọ̀. Ṣé jẹ́ẹ̀lì yẹn ni kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò, ká fi jẹ́ẹ̀lì, ṣúgà kíki inú ọ̀rá tí sárésáré ń gbé mì yẹn, sílẹ̀ ná. Báwo lo ṣe sá 20 kìlómítà àkọ́kọ́? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdáhùn rẹ.

Bí èèyàn bá ń sáré, ẹsẹ̀ ń bèèrè ẹ̀jẹ̀, awọ ara náà ń bèèrè tirẹ̀ kí ooru lè jáde. Ikùn ló máa ń fara gbá a. Tí eré bá ti ju agbára ẹni lọ, pàápàá nínú oòrùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbi ikùn á dín kù débi pé ohun tí o gbé mì á kàn jókòó síbẹ̀. O wá tún da ṣúgà mìíràn lé e lórí. Omi tó ń dún gbúlú-gbúlú nínú rẹ tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn. Mo kúrò ní Winchester bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀. Nígbà tí mo gun Bignor Hill, mo rí i pé mi ò tíì jẹun tó bí mo ṣe pinnu, ni mo bá gbé jẹ́ẹ̀lì méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà láti fi dí i. Ká tó dé odò Arun ní Amberley, mo ti bì wọ́n síbi ọgbà kan. Ní ibùdó oúnjẹ tó wà ní Washington, wọ́n gbé àwo màkàrónì fún mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi wò ó. Mi ò lè gbé ẹyọ kan mì.

Tó bá tún ṣẹlẹ̀ sí ọ, má jẹ nǹkan kan. Máa rìn. Wá ibòji, da omi sí orí àti ọrùn. Fún bíi 20 ìṣẹ́jú sí 30, omi lásán ni kí o máa fi ẹnu kàn díẹ̀díẹ̀ títí ariwo inú yẹn á fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀dùnkún sísè oníyọ̀ bíi orí àtàǹpàkò kan bẹ̀rẹ̀, tàbí Coke tí gáàsì ti jáde lára rẹ̀. Atalẹ̀ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ó ń ràn mí lọ́wọ́. Bí èébì bá dé, jẹ́ kó dé. Ọ̀pọ̀ ló bì tán tó tún sá 60 kìlómítà sí i. Àmọ́ èébì tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ti dókítà ni.

Iṣẹ́ ilé wá kù. Ikùn ń gba ẹ̀kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbà á. Tó bá jẹ́ glucose nìkan ni, bíi 60 gíráàmù ṣúgà ni ara lè gbà láàárín wákàtí kan. Tí fructose bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ó lè tó 90. Ìwọ máa fi 30 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o bá ń sá eré gígùn òpin ọ̀sẹ̀, kí o máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Má dán oúnjẹ tuntun wò lọ́jọ́ eré.

Ìbéèrè: Ṣé a lè gbé oúnjẹ ilé wa dání?

Ìdáhùn: Dáadáa. Iṣu sísè tí wọ́n bu iyọ̀ sí, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Dábínù dáa. Mo máa ń rọ ògì tó ṣàn, tó ní ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀, sínú ìgò kan fún àárọ̀ kùtù. Àmọ́ ẹ̀wà àti gbogbo ọmọ rẹ̀, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá parí. Ó ń pẹ́ nínú ikùn, epo inú àkàrà tún ń dá kún un.

Ìbéèrè: Orúnkún ń dùn mí. Ṣé kí n lo ibuprofen kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Nínú eré gígùn, omi ara ń dín kù, iṣan ń fọ́, kíndìnrín ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ ru. Ibuprofen tún ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kù. Orúnkún tó ń dùn yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kí ọjọ́ eré tó dé.

Ìbéèrè: Mo lè gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti kù bíi 40 kìlómítà, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Itan mi á máa gbọ̀n bíi pé wọ́n fi ọmọ odó gún un. Thamesmead ní London ni mò ń gbé, kò sí òkè gidi níbẹ̀.

Ìdáhùn: Sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa itan. Tí o bá ń gòkè, iṣan iwájú itan ń sún kì láti tì ọ́ lọ. Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣẹ́ bíréèkì ló ń ṣe: ó ń di ìwúwo rẹ mú, bẹ́ẹ̀ ló tún ń nà, bí okùn tí wọ́n fi ń rọra sọ kẹ́ẹ̀gì sínú kànga. Ibẹ̀ ni àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ ti ń já. Má sì jẹ́ kí South Downs tàn ọ́ jẹ. Butser Hill kò ga ju 270 mítà lọ, àmọ́ ìgòkè kéékèèké yẹn pọ̀ débi pé àpapọ̀ wọn ju 3,500 mítà lọ, kò sì sí èyí tí o gùn tí o ò ní sọ̀ níbẹ̀.

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí nítorí pé ìṣòro yìí ṣeé yanjú ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Itan máa ń rántí. Ọjọ́ kan tí o bá fi sáré sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ara á ro ọ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, àmọ́ ààbò tó máa fún iṣan náà á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bíi ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́wàá tó. Jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ eré.

Ní Thamesmead, igbó Lesnes Abbey wà nítòsí rẹ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ kò gùn, ó tó ohun tí a fẹ́ lò. Máa rìn gòkè, máa sá sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí o máa fi kún un. Tó bá jẹ́ ilé alájà púpọ̀ lò ń gbé, gbàgbé ẹ̀rọ agbéniròkè, fi ẹsẹ̀ sọ àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kúkúrú tó yá ni kí o máa gbé, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, má fara rọ ẹ̀yìn. Ilẹ̀ South Downs náà tún ń fẹ́ ọgbọ́n: ẹfun ni, òkúta ṣóńṣó wà láàárín rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí ẹfun yẹn, ilá ni.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn eré mi àkọ́kọ́, mi ò tíì mọ gbogbo èyí. Ẹ̀yìn ni mo fi sọ àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ ojú irin, ọwọ́ méjèèjì lórí irin.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa mu omi dáadáa. Lítà kan ni mò ń mu ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀ orí ń fọ́ mi, ọwọ́ mi wú, òrùka ìgbéyàwó mi fún mi pinpin.

Ìdáhùn: Lítà kan ní wákàtí kan, ní England? Ó ti pọ̀ jù, ma. Ọwọ́ wíwú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ewu. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ sárésáré. Àmọ́ tí orí fífọ́ bá bá a rìn, tí ara yín wúwo ju bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ eré lọ, tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lẹ́nu yín, omi ti la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn, ọpọlọ sì lè wú. Ó ti pa èèyàn rí. Lára àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn Comrades ní South Africa ni dókítà kan, Tim Noakes, ti rí irú rẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1985, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń pariwo pé kí sárésáré máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́.

Tí òùngbẹ bá gbẹ yín, ẹ mu. Tí kò bá gbẹ yín, ẹ fi ìgò sílẹ̀. Oògùn oníyọ̀ kò lè gba ẹni tó ń mu omi lámujù. Tí àmì yẹn bá sì dé, ẹ dá omi mímu dúró, ẹ lọ bá àwọn oníṣègùn eré, kí wọ́n yẹ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹnikẹ́ni tó fa omi sí yín lára.

Ìbéèrè: AS ni mí. Ṣé kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn òyìnbó tí a jọ ń sáré, tiwa gan-an ni. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ wọn sì ń sáré láìsí nǹkan kan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 wo àwọn sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lé ní 47,000. Ikú àwọn AS kò pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ewu kí iṣan máa fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí iṣẹ́ agbára fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù.

Nítorí náà, sọ fún dókítà rẹ, kí o sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera eré. Má tètè fi ipá kún eré lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Má sáré pẹ̀lú ibà. Nínú ooru, dín eré kù láìtijú. Tí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, tí kì í ṣe pajápajá tó le gbagidi, jókòó, má gbàdúrà kọjá rẹ̀. Ìtọ̀ tó dúdú bíi Coke, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àwọn eré orí òkè gíga, bíi ti Leadville ní Colorado tó ju 3,000 mítà lọ, ń fẹ́ ìṣọ́ra sí i: ìrora lábẹ́ ìhà òsì níbẹ̀ lè jẹ́ ọlọ inú (spleen), sọ̀ kalẹ̀ kíá.

Ìbéèrè: Ẹsẹ̀ mi máa ń bó, èékánná mẹ́ta ti re.

Ìdáhùn: Bàtà rẹ há. Ẹsẹ̀ ń wú nínú eré gígùn. Rà èyí tí àyè bíi àtàǹpàkò kan kù níwájú ọmọ ìka. Gé èékánná kúrú. Òrí ni mo máa ń fi pa láàárín ọmọ ìka àti ní abẹ́ apá, ó pẹ́ ju wáṣílìn lọ lójú tèmi. Ibi tó bá ń gbóná, dúró níbẹ̀ kí o lẹ nǹkan mọ́ ọn. Má sọ pé ó di ibùdó tó kàn.

Ìbéèrè: Ẹ̀rù àkókò ń bà mí. Wákàtí 30 ni wọ́n fún wa.

Ìdáhùn: Ṣírò rẹ̀: kìlómítà 160 ní wákàtí 30, kò pé kìlómítà 5 ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń yára rìn lọ bá bọ́ọ̀sì ń ṣe 6. Ibi tí àkókò ń sọnù sí ni àga ibùdó oúnjẹ. Kọ ohun tí o fẹ́ mú sórí ọwọ́, mú un, máa jẹ ẹ́ lọ.

Ìbéèrè: Òru ńkọ́?

Ìdáhùn: Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ni oorun máa ń gbé èèyàn jù. Mo máa ń fi kọfí pa mọ́ de àkókò yẹn. Rírí ohun tí kò sí níbẹ̀ wọ́pọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé orí yí. Nígbà tí mo sọ̀ sí odò Ouse ní Southease, mo rí ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tilẹ̀ kí i. Màlúù tó dùbúlẹ̀ ni. Gbé bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì dání, kí o sì pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ ní ibùdó tó ní iná, má dúró kó kú láàárín pápá.