Fífọ ìbọn ṣákábùlà lẹ́yìn ìgbẹ́ ọdẹ
Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn ṣófo. Ẹ ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dúró, ẹ sàmì sí i, kí ẹ wá fi wọn ìbọn náà láti ìta. Bí ọ̀pá náà kò bá dé ibi ihò iná, ìyẹn ihò kékeré tí iná ń gbà dé ibi ẹ̀tù, ẹ̀tù ṣì wà níbẹ̀: ẹ má fi irin ha á rárá, ẹ pe àgbà ọdẹ.

Eérú ẹ̀tù máa ń fa omi mọ́ra. Lásìkò òjò ní Kábà tàbí Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kì í pẹ́ tí irin fi ń dípẹtà, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni. Òróró nìkan kò lè yọ iyọ̀ inú eérú. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀ pa á. Epo pupa kọ́ o: ńṣe ló máa dì sínú ihò.