Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ikú kọ́ra yín ní sùúrù àti ríro tẹlòmíì mọ́ tara ẹni

Gbogbo wa la máa ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, pàápàá níbi ìsìnkú, àmọ́ ká tó délé a ti tún ń bá ẹlòmíì jà torí ibi tó páàkì mọ́tò sí. Èmi náà ń ṣe é. Ohun tó wá ràn mí lọ́wọ́ kì í ṣe ìwàásù rárá, ìṣirò ni.

Ẹ mú bébà. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún kan, tẹ́nì kan bá wá lo 80 ọdún láyé, ọ̀sẹ̀ 4,160 nìyẹn, ẹni tó bá ti pé 40 ti ná 2,080 níbẹ̀. (Ẹ má torí ẹ̀ ṣàìsùn o. Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín láìpẹ́ yìí, ẹ fi ibí yìí sílẹ̀ ná.) Ṣùgbọ́n ìṣirò tara ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ dun èèyàn, ti ẹlòmíì ló máa ń wọni lára. Ẹ ronú kan òbí yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ máa ń rí i, tí Ọlọ́run sì fún un ní ọdún mẹ́wàá sí i, ìgbà 20 péré ló kù. Ogún! Ẹ tún wá fẹ́ fi ọ̀kan níbẹ̀ tẹ fóònù.

Tí ìyá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó ti sọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo máa ń sọ nínú ara mi pé "ọ̀kan nínú ogún rèé o", ẹnu mi á kàn pa mọ́ fúnra ẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo sha. Tínú bá ti ń bí yín gan-an, ìṣirò ò lè wọlé, ẹ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí mímí síta pẹ́ ju mímí sínú lọ, ọkàn á dín eré kù. Tó bá jẹ́ mẹ́sééjì lẹ fẹ́ fi bú èèyàn, ẹ kọ ọ́ tán, ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Sùúrù kọ́ ni kẹ́nì kan máa lù yín kẹ́ ẹ jókòó tì í o, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ti ríro tẹlòmíì mọ́ tara ẹni wá ńkọ́? Ẹ máa ṣe ohun kékeré kan lójúmọ́ tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é: ẹ fọ abọ́ tí ẹ̀yin kọ́ lẹ lò ó, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń kánjú bọ́ síwájú yín lórí ìlà. Ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ o. Ẹnu á máa yún yín láti sọ ọ́, èmi sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ kejì, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Èyí tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀ rèé: ẹ kọ ibi tówó yín wà sílẹ̀, gbèsè tẹ́ ẹ jẹ àtèyí tí wọ́n jẹ yín, páswọ́ọ̀dù fóònù, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó tọ́jú àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ fi bébà náà sí fún ẹnì kan, káwọn tó kù sílẹ̀ má bàa máa fi ẹkún wá kọ́kọ́rọ́. Kì í tó wákàtí méjì. Tèmi gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta, torí gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí gbèsè ni mo máa ń dìde lọ mumi.