Bí ṣíkínpọ́ọ̀sì bá wọ ilé ọlọ́mọ púpọ̀: bí a ṣe ń gbà á kọjá

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Lọ́jọ́ tí mo rí ìléròrò àkọ́kọ́ lẹ́yìn etí àkọ́bí mi, mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré la máa fi bá a yí. Ọjọ́ kejìdínlógójì ni èyí tó gbẹ̀yìn tó gbẹ lára àbígbẹ̀yìn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà náà ni pé nínú ilé tí ọmọ bá ti pọ̀, àìsàn yìí kì í wá lẹ́ẹ̀kan kó lọ. Ọmọ kan á kọ́kọ́ ṣe é, ilé á wá pa rọ́rọ́ bí ẹni pé ó ti tán, lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù á dùbúlẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí ìkejì ń bọ̀ kò ní sá sókè sódò bí mo ṣe sá.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa

Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, kí orí máa fọ́ ọ, kí oúnjẹ má wù ú, fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ohunkóhun tó yọ. Nǹkan kéékèèké á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí i lára, láti àyà, ẹ̀yìn tàbí ojú. Lára aláwọ̀ funfun, pupa ni. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè má pupa rárá, ọwọ́ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Kò ní pẹ́ tí omi á gba orí rẹ̀, á máa dán bí ìrì tó bà lé ewé. Lẹ́yìn náà á bẹ́, á gbẹ, á di èépá.

Ohun tó máa jẹ́ kó dá yín lójú ni pé wọn kì í gbó pọ̀. Lórí ikùn kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, èyí tó ti gba omi àti èyí tó ti di èépá. Ẹ ya irun orí ọmọ wò, ẹ wo ẹ̀yìn etí, ẹ ní kó la ẹnu. Ẹ̀fọn kì í jẹ èèyàn nínú ẹnu.

Àwọn kan ń pe ṣíkínpọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ẹ́gbóná, orúkọ yẹn sì máa ń já àwọn àgbà láyà, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń pe ṣànpọ̀nná. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti kéde bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1980. Àmọ́ bí gbogbo ohun tó sú sí ọmọ lára bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, tí wọ́n le gbandi lábẹ́ awọ, tí wọ́n sì pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà, torí mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi bírò yí ọjọ́ tí ìléròrò àkọ́kọ́ yọ. Ẹ ka ọjọ́ méjì sẹ́yìn: láti ìgbà yẹn ló ti ṣeé ṣe kí ọmọ náà máa ràn án, kò sì ní ṣíwọ́ títí gbogbo ìléròrò ara rẹ̀ á fi di èépá, èyí tó sábà máa ń gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje.

Ẹ wá ka ọjọ́ síwájú. Lẹ́yìn tí kòkòrò àrùn yìí bá wọ èèyàn lára, ó máa ń fara pamọ́ fún ọjọ́ 10 sí 21, àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú àwọn tó jọ ń gbélé, tí wọn kò ṣe é rí, tí wọn kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa ń kó o. Nítorí náà, ẹ yí nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá sí kẹrìndínlógún, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ tó kù sí i. Nílé wa, ìkejì yọ lọ́jọ́ kẹrìnlá, ìkẹta lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Àbígbẹ̀yìn bọ́ lọ́wọ́ àkọ́bí, kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yẹn. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni tirẹ̀.

Ìgbà tí ilé pa rọ́rọ́ yẹn, ẹ má fi ṣeré. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ pé ẹ máa nílò ìsinmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sún ìrìn àjò síwájú, kí ẹ ra oògùn tó máa tó ọmọ mẹ́ta, kí ẹ fọ gbogbo aṣọ ibùsùn. Àkọ́bí mi ti ń sáré káàkiri, mo sì rò pé a ti bọ́.

Ṣé ẹ máa ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀? Lójú tèmi, tí gbogbo wọn bá lera, ẹ má da ara yín láàmú. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n ti jọ mí afẹ́fẹ́ kan náà kí ẹ tó mọ̀. Àmọ́ ẹ má tún mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sórí ibùsùn kan náà kí wọ́n lè “ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan náà”. Ọmọ tó bá kó o nínú ilé, tiẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti ẹni tó kọ́kọ́ gbé e wọlé lọ.

Ohun kan wà tó ṣeé ṣe fún àwọn tó kù, àmọ́ kò gba kí ẹ fi falẹ̀. Tí wọ́n bá ti pé ọmọ ọdún kan, tí ara wọn le, tí wọn kò sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, abẹ́rẹ́ náà tí wọ́n bá gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé àrùn yìí lè dá a dúró tàbí kó sọ ọ́ di kékeré. Michiaki Takahashi, dókítà ará Japan, ló ṣe abẹ́rẹ́ yìí lọ́dún 1974, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ṣíkínpọ́ọ̀sì dá ọmọkùnrin tirẹ̀ gúnlẹ̀. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ bi í bóyá ó wà ní àrọ́wọ́tó yín.

Ẹ pe àwọn tó yẹ kó gbọ́

Ta ló jókòó ti ọmọ yín láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn? Aláboyún tí kò ṣe é rí, ìkókó tí ìyá rẹ̀ kò ṣe é rí, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù: àwọn wọ̀nyí ni ṣíkínpọ́ọ̀sì lè pa lára gan-an. Fún aláboyún, ó lè di àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè ṣe oyún inú rẹ̀ ní jàǹbá. Tó bá wá jẹ́ pé ìgbà ìbímọ gan-an ló yọ sí i lára, láti ọjọ́ márùn-ún ṣáájú sí ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀mí ọmọ tuntun náà wà nínú ewu. Ìtọ́jú wà tí dókítà lè fún wọn láàárín ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé àrùn yìí, kí ohunkóhun tó yọ. Ìdí nìyẹn tí ojú kò fi gbọdọ̀ tì yín láti pè wọ́n.

Ẹ pe iléèwé náà. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa gbà yín wọlé sí, kí ẹ má bàa lọ jókòó ti aláboyún níbi tí wọ́n ti ń retí dókítà.

Ara gbígbóná, àti ìwé ara ilẹ̀kùn

Paracetamol ni kí ẹ fi bá ibà rẹ̀ jà, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò fún ọjọ́ orí tàbí ìwúwo ọmọ. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ bi dókítà ná.

Ẹ má fún wọn ní aspirin láéláé: lára ọmọ tó ní ṣíkínpọ́ọ̀sì, ó lè fa Reye's syndrome, tó ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ yẹra fún ibuprofen náà, àyàfi tí dókítà bá ní kí ẹ lò ó, torí wọ́n ti rí i pé ó máa ń bá àkóràn awọ tó le koko rìn nínú àìsàn yìí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fún ìkẹta ní paracetamol ní aago mẹ́jọ, mo sì wọ yàrá lọ bá ìkejì. Bàbá wọn ti ibi iṣẹ́ dé ní mẹ́sàn-án, ó gbọ́ tí ọmọ ń kérora, ó fún un ní tirẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe ọmọ náà, àmọ́ apòògùn tí mo pè lórí fóònù kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n bá mi sọ. Àtàárọ̀ ọjọ́ kejì la ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yàrá: orúkọ ọmọ, oògùn, iye rẹ̀, aago, ẹni tó fún un. Ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà kò gbọdọ̀ ṣí ìgò.

Ara yíyún

Ibà máa ń lọ. Yíyún ló ń lé oorun lójú gbogbo ilé. Ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lè ní tó 250 sí 500 ìléròrò, gbogbo wọn ló sì ń yún.

Èékánná ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ gé e kúrú, kí ẹ sì fi nǹkan ra etí rẹ̀ kó má mú. Ìgbà tí wọ́n bá sùn ló rọrùn jù. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ bọ ọwọ́ àwọn kékeré lálẹ́. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò fún wọn ni kí wọ́n wọ̀. Ooru máa ń mú kó yún sí i, nítorí náà ẹ má bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí ẹ bá rí ọkà ótì tí wọ́n lọ̀ kúnná, ẹ bù ú sínú omi náà, ó máa ń tu ara. Kàn-ìn-kàn-ìn kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Ẹ má nu ara wọn, ṣe ni kí ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi náà gbẹ.

Ní aago méjì òru ọjọ́ kan, mo bá ìkejì létí ibùsùn, ó ń fi ẹ̀yìn ha igi ibùsùn bí ewúrẹ́ ṣe ń fara ha ògiri. Mo rẹ aṣọ ìnura kékeré sínú omi tútù, mo fún un, mo sì tẹ́ ẹ sí i lẹ́yìn. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo fi òwú bu calamine, oògùn olómi tí wọ́n ń fi pa ara tó ń yún, mo ń tẹ̀ ẹ́ lé ìléròrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n máa kà wọ́n sókè. A dé mẹ́tàdínláàádọ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, kí oorun tó gbé e lọ. Látìgbà yẹn, kíkà ni oògùn oorun ilé wa.

Tó bá jẹ́ pé òru ló ń dà wọ́n láàmú jù, ẹ bi apòògùn nípa oògùn ara yíyún tó ń fa oorun, àmọ́ kó mọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún sọ fún un gbogbo ohun tí ẹ ti ń fi pa wọ́n lára, torí irú oògùn kan náà lè wà nínú ìpara, kó wá di ìlọ́po.

Ní ti ẹnu tó bá yọ sí, oúnjẹ rírọ̀ tó tútù ni, kí ó má níyọ̀ jù, kí ó má kan, kí ó má ta. Mímu omi ṣe pàtàkì ju jíjẹun lọ. Fún ìkókó tó ń lo ìlédìí, ẹ máa tú u sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kan ìdí rẹ̀.

Oògùn tó ń bá àrùn náà fúnra rẹ̀ jà

Acyclovir wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ló nílò rẹ̀. Ó dára jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Àwọn dókítà máa ń rò ó fún ọmọ tó ti lé ní ọdún 12, ọmọ tó ní àìsàn awọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́, àti nígbà mìíràn, ọmọ tó kó o lára arákùnrin tàbí arábìnrin rẹ̀. Ẹ rí i pé kàlẹ́ńdà tún wúlò níbí: ẹ ti mọ ọjọ́ tí ìkejì lè yọ, ẹ lè ti bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú. Bàbá tàbí ìyá tí kò ṣe é rí náà kò gbọdọ̀ dúró wo ara rẹ̀, torí ó máa ń le lára àgbàlagbà ju ti ọmọdé lọ.

Ìgbà tí ẹ kò gbọdọ̀ dúró sílé

Tí ibà bá kọjá ọjọ́ mẹ́rin, tàbí tó lọ tó tún padà dé. Tí ojú ibì kan lára bá wú, tó gbóná, tó ń ro ọmọ, tàbí tó ń ṣọyún. Tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tó ń wúkọ́ burúkú. Tí ọrùn rẹ̀ bá gan, tí kò lè rìn dáadáa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí bọ̀rọ̀. Tó bá ń bì ṣáá, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìléròrò. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù kan, ẹ má dúró de èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé e lọ.

Pípadà sí iléèwé

Ó di ìgbà tí gbogbo ìléròrò bá ti gbẹ tó di èépá. Kò dìgbà tí èépá bá já tán, ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ṣí i, ibẹ̀ ni àpá ti ń wá.

Nínú kàlẹ́ńdà, ẹ wá ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ti ọmọ tó gbẹ̀yìn gbẹ. Ọmọ tí kò bá yọ sí lára títí di ọjọ́ yẹn ti mórí bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ó ṣì lè kó o níbòmíràn, nítorí náà ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè yọ kàlẹ́ńdà náà kúrò lára ògiri.