Bí Ẹ Bá Fẹ́ Rìn Nínú Yìnyín ní Banff

Láti Calgary sí Banff, ọgbà orílẹ̀-èdè tó wà láàárín àwọn òkè nílẹ̀ Kánádà, ò ju nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀ lọ lójú títì Trans-Canada, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé Calgary ò débẹ̀ rí àfi nígbà ooru. Tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, kálukú á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà wà tó ń kó èèyàn rin ìrìn pẹ̀lẹ́ tí kò gba agbára, òun ni mo sì máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó dá wọ igbó kankan nílẹ̀ yìí.

Johnston Canyon ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àfonífojì tóóró ni, láàárín àpáta méjì, wọ́n sì kan afárá irin mọ́ ara àpáta náà téèyàn á máa rìn lórí ẹ̀. Ó tó kìlómítà 1.2 sí ibi àkọ́kọ́ tí omi ti ń já. Ìkejì tó nǹkan bíi 2.5. Nígbà òtútù, omi tó ń sun lára àpáta á dì gbagidi, á dúró gogoro, ibòmíì funfun, ibòmíì búlúù, ẹ sì lè rí àwọn tó ń fi àáké gun un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gun un.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà Banff, àtọdún 1885 ló ti wà lábẹ́ wọn, torí náà owó méjì ló wà ńlẹ̀. Ìkíní ni ti ìwé ìwọlé Parks Canada, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà náà. Ọmọ ọdún 17 sísàlẹ̀ kì í san án, ẹbí tó wà nínú ọkọ̀ kan sì lè gba ìwé kan ṣoṣo, bí wọn ò bá ti ju méje lọ. Ìkejì ni owó ilé-iṣẹ́ afinimọ̀nà. Ẹ bi wọ́n bóyá ti ìwọlé wà nínú tiwọn, kó má di ìjà lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n á gbé ìwé kan fún yín láti fọwọ́ sí. Ẹ kà á. Ohun tó ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá yọ̀ ṣubú, ẹ ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí ti ọmọdé, torí náà ẹ má kàn kó ọmọ aládùúgbò dání.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló ṣe pàtàkì jù. Síńgílẹ́ẹ̀tì olówùú àti jíìnsì tá a fẹ́ràn yìí, ilé ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Òwú tó bá ti gba òógùn kì í gbẹ, ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró gbọ́ àlàyé ni òtútù á wá mú yín dé eegun. Ẹ wọ èyí tó fún mọ́ra nísàlẹ̀, ẹ wọ ti irun àgùntàn lé e, kẹ́ ẹ wá fi èyí tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá bò ó. Ìbọ̀sẹ̀ kan tó nípọn tó. Tẹ́ ẹ bá wọ méjì tí bàtà wá há, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn débi ọmọ ìka. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ra tuntun, ẹ lọ wò ó ní Value Village, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ àlòkù. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ló sábà máa ń pèsè ẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò inú, òtútù máa ń pa bátìrì.

Tẹ́ ẹ bá rí elk (ẹranko bí àgbọ̀nrín, àmọ́ tó tóbi jù ú lọ) tàbí àgbọ̀nrín, ẹ jìnnà tó mítà 30, ìyẹn bọ́ọ̀sì mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra. Ti ìkookò àti béárì jẹ́ mítà 100. Ẹ má fún ẹranko lóúnjẹ rárá. Owó ìtanràn lè tó dọ́là 25,000. Òkúta, ìwo, òdòdó, ẹ má mú ọ̀kankan relé. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbàdúrà orí òkè, kó gbà á lójú ọ̀nà níbẹ̀, kó má yà sínú igbó.

Aago mẹ́sàn-án tí wọ́n bá dá, mẹ́sàn-án ni. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó di aago márùn-ún lóṣù Kejìlá. Tí ọkọ̀ yín ò bá ní táyà ìgbà òtútù, ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó ń wá gbé èèyàn nílùú Banff, tàbí kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tí Roam, bọ́ọ̀sì èrò tó ń ná agbègbè Banff, ń lọ sí Johnston Canyon, torí kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń lọ nígbà òtútù.