Ẹ Yé Sanwó Scan Tí Kò Lè Fi Ihò Gbòǹgbò Eyín Hàn Yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan tó ń ṣèwádìí lórí ihò inú gbòǹgbò eyín wá bá mi ní Sábó, n'Ìkòròdú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ti gbo ó bí aṣọ àlòkù. Ó na flash sí mi, ó sì gbé ìgò kan kalẹ̀ tí eyín 20 tí wọ́n ti yọ wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ya gbogbo wọn ní CBCT." X-ray tó ń yí po, tó ń fi inú eyín hàn láti gbogbo ìhà, ni CBCT. Mo ṣí fáìlì kìíní, mo ṣí ìkejì, mo bá pa kọ̀ǹpútà dé. Ìbínú ọjọ́ náà ni mo fi ń kọ èyí.

1. Yíya odidi ẹnu nítorí eyín kan. Ègé kéékèèké ni CBCT fi ń kọ́ àwòrán rẹ̀, voxel là ń pè é. Tí pápá tí ẹ yà bá gba òkè àti ìsàlẹ̀ ẹnu pọ̀, ègé kan sábà máa ń tó 0.3 tàbí 0.4 mm. Ẹ wá ń wá MB2, ihò kejì tó máa ń lúgọ sínú gbòǹgbò iwájú tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lára eyín 16 àti 26 (eyín ńlá àkọ́kọ́ tí a fi ń lọ oúnjẹ, lókè, lọ́tùn-ún àti lósì), tí òun fúnra rẹ̀ lè má fẹ̀ tó ègé kan. Asẹ́ gàrí lẹ fi ń ku èlùbọ́ yẹn. Pápá kékeré ni kí ẹ ní kí wọ́n lò, kí ègé má ju 0.2 mm lọ. Bí ẹ̀rọ wọn bá lè ṣe 0.125, ẹ gbà á.

Ti àbúrò wa tiẹ̀ tún légbá kan. Eyín kọ̀ọ̀kan ló san owó odidi ẹnu lé lórí, ìgbà 20! Ẹ wo àwòrán ọ̀hún: eyín kan ṣoṣo láàárín òkùnkùn biribiri, bí àbẹ́là nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ká ní ó ri eyín mẹ́fà-mẹ́fà mọ́ ìda ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ì bá san, nínú pápá kékeré, àwòrán ì bá sì mọ́ ju èyí lọ. Mo bi í pé ta ló gbà á nímọ̀ràn. Ó ní ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ló ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó ń gbowó ni, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

2. Fọ́tò orí WhatsApp kì í ṣe scan. Ẹ gba DICOM, ìyẹn fáìlì scan náà gan-an, tí ẹ lè yí wò lórí kọ̀ǹpútà.

3. Gbòǹgbò kì í dúró ṣánṣán bí òpó iná. Ẹ kọ́kọ́ yí ìlà ojú kọ̀ǹpútà títí tí yóò fi dábùú gbòǹgbò náà gan-an, kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ihò dé ṣóńṣó. Èmi náà ti kéde rí pé "kò sí MB2 níbí." Ọ̀gá mi kàn yí mouse díẹ̀, ihò náà ń wò mí lójú kòrókòró.

Irin àti ohun tí wọ́n fi dí eyín ńkọ́? Wọ́n máa ń tú ìlà dúdú àti funfun káàkiri àwòrán. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí ìlà dúdú kan lára gbòǹgbò tí wọ́n ti fi gutta-percha (oje igi bíi rọ́bà) dí, ti màmá kan láti Ẹbúté. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ fún wọn pé gbòǹgbò ti là, pé yíyọ ló kù. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀lé ìlà náà. Mo tẹ̀lé e: ó jáde kúrò lára gbòǹgbò, ó wọ inú egungun, ó ń lọ. Ṣé egungun náà là ni? Màmá ṣì fi eyín yẹn ń fọ́ eegun ẹran fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún ni: lọ́dún 1984, oníwádìí eyín kan, Vertucci, fi eyín 2,400 tí wọ́n fa aró sí nínú pín ihò gbòǹgbò sí oríṣi 8. Ó ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Bí ohun tí ẹ rí kò bá bá ìkankan mu, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ má ya alààyè nítorí kí ẹ lè ka ihò. Scan tí wọ́n ti yà fún ìtọ́jú ni kí ẹ tọrọ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín, kí ẹlòmíì náà sì kà á.

Àbúrò wa ń gbọ́ gbogbo èyí, ó ń yí ìgò eyín rẹ̀ po lórí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n lè dá owó mi padà?"

Mo ní kó lọ wá ìda.