Bẹ́ẹ ṣe máa mọ páìpù èéfín tó bá mọ́tò asáré yín mu kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tẹ́ẹ ní mọ́tò tó ń fò, Golf GTI o, Peugeot 206 RC o, àbí irú wọn míì, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò ju ẹyọ kan lọ: kẹ́ẹ wọ abẹ́ mọ́tò yín kẹ́ẹ tó wọ ọjà. Fọ́tò orí fóònù ò lè sọ fún yín bóyá páìpù máa bá mọ́tò yín mu, ariwo tẹ́ẹ gbọ́ nínú fídíò náà ò lè sọ ọ́. Mo máa ń rí i, ó sì máa ń dùn mí gan-an: ẹnì kan á rí sàlẹ́ńsà okasíọ̀n tó ń dán yanran ní Kútọnu, á sanwó, á gbé e lọ bá jórinjórin, jórinjórin á gé e níhìn-ín, á gé e lọ́hùn-ún, á jó o mọ́ èyí tó wà ńbẹ̀, mọ́tò á wá máa ké ní gbogbo àdúgbò ṣùgbọ́n kò ní fà bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó máa gba irin tí wọ́n ti gé padà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ mọ́tò yín. Ẹ wo kátì gríìsì, ìyẹn ìwé mọ́tò, nọ́ńbà ṣáásì wà níbẹ̀, létà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ wá kóòdù ẹ́ńjìnnì náà. Ẹ má gbà tí ẹni tó ń tà bá ní "ó wọ Golf 5 gbogbo". Golf 5 GTI ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, agbára ẹṣin 200, táyà iwájú ló ń fà á. R32 tó jọ ọ́ lójú, V6 3.2 ni, agbára ẹṣin 250, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá tó ń lọ sẹ́yìn wà lábẹ́ ẹ̀, àárín sì ni ẹnu páìpù ẹ̀ ti yọ. Ti GTI, ẹnu méjèèjì wà lápá òsì. Tẹ́ẹ bá tún wá lọ ra ti Golf 6 GTI, ẹnu kan lósì, ẹnu kan lọ́tún, á jẹ́ pé ẹẹ́ tún ra bọ́ńpà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 206: RC àti S16, 2.0 ni méjèèjì, ṣùgbọ́n RC ní agbára ẹṣin 177, S16 ò ju bíi 137 lọ, kóòdù ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀, EW10J4S fún RC, EW10J4 fún S16.

Tó bá jẹ́ Ìlú Ọba tàbí Jàpáánù lẹ ti ń ra mánífóòdù, ìyẹn páìpù àkọ́kọ́ tó ń gba èéfín lára ẹ́ńjìnnì, ẹ béèrè bóyá ti mọ́tò tí sítíárìn ẹ̀ wà lọ́tún ni. Lára àwọn mọ́tò kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá sítíárìn ń gbà kọjá, mánífóòdù tí wọ́n ṣe fún ọ̀tún á lọ kọ lù ú.

Ìkejì, ẹ pinnu ibi tẹ́ẹ fẹ́ pààrọ̀. Èéfín ń kúrò nínú mánífóòdù, ó ń gba tọ́bò tí mọ́tò bá ní in, ó bọ́ sí páìpù ìsàlẹ̀, ó gba katalisọ̀ (ohun tó ń fọ èéfín mọ́), lẹ́yìn náà páìpù àárín àti sàlẹ́ńsà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn katalisọ̀ lọ. Ibẹ̀ ò sábà da kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì láàmú, tí ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sórí fífẹ̀ páìpù, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Mọ́tò tó ní tọ́bò fẹ́ràn kí èéfín jáde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tọ́bò, nítorí náà ó lè gba páìpù tó fẹ̀. Èyí tí ò ní tọ́bò, bíi 206 RC, tẹ́ẹ bá ti fẹ̀ ẹ́ jù, èéfín á máa rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní lágbára nísàlẹ̀, ẹẹ́ sì mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tẹ́ẹ bá fẹ́ ya kámíọ̀n kan sílẹ̀ lọ́nà Pobẹ̀. Ẹ má jìnnà sí ti ilé iṣẹ́. Fún Golf 5 GTI tí wọn ò tíì yí tọ́bò ẹ̀ padà, mílímítà 63.5, ìyẹn íǹṣì méjì àbọ̀, tó o. 76, ìyẹn íǹṣì mẹ́ta, ẹni tó ti fi tọ́bò ńlá sí i ni mo máa bá sọ ọ́.

Kẹ́ẹ tó wọn páìpù, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ má sì wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ fi irin ìdúró sí i. Tẹ́ẹ ò bá ní kàlípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, ẹ wé okùn tínrín yí páìpù ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ sàmì sí ibi tó ti pàdé, ẹ nà án lórí rúlà, kẹ́ẹ fi 3.14 pín in. Okùn tó bá jẹ́ mílímítà 200, páìpù yín sún mọ́ 63.7, ìyẹn 63.5 nìyẹn. Ìta lẹ wọ̀n yẹn o. Tí irin ẹ̀ bá nípọn tó mílímítà 1.5, inú ẹ̀ ò ju 60.5 lọ. Torí ẹ̀, tí ẹni tó ń tà bá ní "63.5 ni", ẹ bi í: inú ni àbí ìta? Ìbéèrè yìí ló máa sọ bóyá ọ̀kan máa wọ inú ìkejì.

Lẹ́yìn náà, fláńjì, irin pẹlẹbẹ tó ní ihò bóòtù yẹn. Ẹ gbé páàlí lé e, ẹ fi ìka tó ní gíríìsì fún un mọ́ ọn, ihò gbogbo á yọ lórí páàlí. Ẹ gé e, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà, ẹ gbé e lé ti wọn. Tó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń rà, ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín ihò kan sí àárín ìkejì kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ ka rọ́bà tó gbé páìpù kọ́ náà, kẹ́ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹ má lo ti àtijọ́.

Ojú ihò sọ́ńdì láḿbdà (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín), M18×1.5 ló wọ́pọ̀, ìyẹn mílímítà 18 ní fífẹ̀, 1.5 láàárín ìlà ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tó wà bá ibi tí wáyà yín lè dé mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ katalisọ̀ kúrò. Sọ́ńdì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á mọ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kóòdù P0420 ló máa ń gbé wá, èéfín tí ò mọ́ á sì máa lọ sí imú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà àti àwọn ọmọ wa. Tí katalisọ̀ tó wà ńbẹ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó bà á jẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí ò jó dáadáa, bóyá nítorí pílọ́ọ̀gì tàbí kpayo, epo fàyàwọ́, tí wọ́n ti lú, máa ń sọ epo tí ò jó sínú ẹ̀, epo yẹn á gbiná níbẹ̀, inú katalisọ̀ á yọ́. Tuntun náà á lọ bẹ́ẹ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ irin, ọ̀sà àti òkun ò jìnnà sí Àjàṣẹ́, irin lásán kì í pẹ́ dípẹtà. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Ínọ́ksì (irin tí kì í tètè dípẹtà) 304 kì í sábà fa òòfà, àfi díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. 409, irú ínọ́ksì míì, máa ń fà á, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun burúkú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é ní 304 tí òòfà sì lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá, ẹ má san owó 304. Ẹ tún wo ara sàlẹ́ńsà bóyá wọ́n tẹ létà E pẹ̀lú nọ́ńbà sínú òbìrí: E1, Jámánì ló fọwọ́ sí i, E2, Faransé. Èmi máa ń mú èyí tó ní àmì yẹn ṣíwájú.

Bọ́ǹpù wa ga, ọ̀nà pupa kò tẹ́jú, páìpù tó bá sọ̀kalẹ̀ ju ti ilé iṣẹ́ lọ ò ní pẹ́.

Tó bá kan kí wọ́n so ó, ẹ yọ bátìrì kí jórinjórin tó tan iná, kó kàn jó o lójú kéékèèké mélòó kan ná kó lè dúró, ẹ wò ó bóyá kò kan tùbù epo tàbí bọ́ńpà, kó tó jó o pátápátá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kó tó gbóná, ẹ fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ tẹ́tí sí oríkèé kọ̀ọ̀kan: ibi tó bá ń sú "fíì" ló ń jò. Tẹ́ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ padà lọ mú bóòtù le, torí ooru máa ń tú wọn.