Bí mo ṣe ń gba àwújẹ̀ wo ọmọ tí a fura sí yírùnyírùn

Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń fi ẹkogírafì, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, wo aláboyún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, tó kọ ọmú, tó ń ké kíké kan tí kò jọ ti ebi, òun ni kì í jẹ́ kí n sùn, torí ó lè jẹ́ yírùnyírùn, àrùn tó ń mú awọ tó bo ọpọlọ. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, àwújẹ̀, ibi rírọ̀ lórí ọmọ ọwọ́, ni fèrèsé wa, kó tó padé ní nǹkan bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀.

Bí dókítà bá ti fura, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àńtíbíótíìkì. Kí oògùn má dúró de àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ sáyà kí ẹkún rọlẹ̀. Ẹkún máa ń jẹ́ kí àwújẹ̀ wú. Èyí tó ṣì wú lẹ́yìn tọ́mọ dákẹ́ ló yẹ kó já yín láyà. Òrí àti àgúnmu sábà máa ń wà lórí rẹ̀. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún," ni mo máa ń wí. Ọwọ́ tiwọn rọ̀ ju tèmi lọ.

Sọ́ńdì (orí ẹ̀rọ tí a ń gbé lé ara) kékeré, jẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Dúdú kirikiri ni omi ọpọlọ máa ń rí lójú ẹ̀rọ. Bí ìdọ̀tí bá ń léfòó nínú rẹ̀, tí ògiri ihò tí omi náà wà nínú ọpọlọ nípọn, tó rí gbágungbàgun, ẹ pe dókítà. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kó wà nínú kòtò wẹ́wẹ́ ara ọpọlọ. Bó bá ju mílímítà 2 lọ, ẹ fura pé àrùn ti mú awọ ọpọlọ. Bí omi bá gbára jọ sábẹ́ agbárí, ẹ tan Doppler, èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá gba inú omi náà kọjá, kì í sábà léwu; bí omi bá tẹ iṣan mọ́ ọpọlọ, ó lè jẹ́ ọyún.

Lọ́dún kan nígbà ọyẹ́, mo wo ọmọ oṣù márùn-ún, àwòrán mọ́ tónítóní. Mo kọ "kò sí nǹkan", wọ́n sì gbé e lọ sílé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, gìrì ló gbé e padà wá. Ó yè, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) la gbé e lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ ni: "Àwòrán mọ́, yírùnyírùn ṣì lè wà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ fún àyẹ̀wò."

Bí ọmọ náà kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, mo máa ń gbé sọ́ńdì sí ìbàdí rẹ̀, mo ń wá ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, mo sì ń fi bírò sàmì sísàlẹ̀ rẹ̀ fún abẹ́rẹ́ dókítà.